Ìdákọ̀ró Tó Yí Abẹ́rẹ́ Padà

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí ìgbéyàwó bá máa tú ká, kó tú ká. Ohun tí Adébùnmí ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 1959, bó ti ń lọ sétí ọ̀sà Bàrígà, níbi tí Ọláwuyì, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ti ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tuntun rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwọ̀n yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ọláwuyì rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wo? Ṣé iṣẹ́ ijọ́un náà nìyẹn?"

Nígbà náà, àwọn òyìnbó kọ́ ahéré kan sínú igbó Akoka láti fi mọ bí agbára òòfà ayé ṣe ń yí, pákó àti ìṣó idẹ nìkan, kò sí irin kankan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ òòfà tí irin lè fà ni wọ́n so rọ̀ sínú rẹ̀, Ọláwuyì ló sì ń ṣọ́ ọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Òun ló sọ fún Adébùnmí, tó ń gbé ẹja gbígbẹ wá tà fún wọn, pé afẹ́fẹ́ náà a máa kún, a sì máa fà bí omi ọ̀sà. Oòrùn á mú un gbóná, á wú, á ru sókè dé òkè réré níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣàn. Ìṣàn yẹn sì le gan-an lórí àwa tí a wà nítòsí agbedeméjì ayé. Òun ló ń yí abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

"Má mú irin débẹ̀ o," ló máa ń wí. "Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni òkè ń sọ. Irin á pariwo bò ó."

Adébùnmí gbọ́ o. Ẹni tí kò gbọ́ ni à bá fọwọ́ wọ́nú fún. Nígbà tí ọ̀sà gbé Fọlọ́runṣọ́ ọkọ rẹ̀ lọ, àwọn ẹbí ọkọ kó ọkọ̀, wọ́n kó àwọ̀n. Ìdákọ̀ró irin nìkan ló kù, ohun tí ọwọ́ olóògbé dì mú kẹ́yìn. Ta ni yóò wá irin lọ síbi tí irin ti jẹ́ èèwọ̀? Kí wọ́n má bàa gbà á, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ahéré.

Abẹ́rẹ́ bá fò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọláwuyì ní bóyá afẹ́fẹ́ òkè ló kún lódì. Nígbà tí Adébùnmí gbọ́ pé ọ̀gá òyìnbó ń bọ̀ wá wá irin, ó hú u, ó gbé e sálọ. Ọ̀gá dé, kò rí nǹkan kan. Ó bi Adébùnmí bóyá ó rí ẹni tó mú irin wá.

"Rárá, sà."

"Ẹ ò gbọ́ bí?" ni Ọláwuyì fi ayọ̀ wí. "Obìnrin yìí kì í purọ́."

Wọ́n ní Ọláwuyì ló fọwọ́ yí abẹ́rẹ́. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ tán, Adébùnmí kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, omijé ń já bọ́. "Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá fẹ́ mi mọ́, ẹjọ́ mi ni."

Ọláwuyì gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Bùnmí, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbójú sókè mọ́. Mo rò pé gbogbo ohun tí mo mọ̀, irọ́ ni. Ṣé òkè ò ṣe ohunkóhun lódì?"

"Òkè ò ṣe ohunkóhun lódì. Èmi ni."

Ó gbójú sókè sí oòrùn ọ̀sán, ó rẹ́rìn-ín, omijé bọ́ lójú òun náà. "Afẹ́fẹ́ òkè ń kún lọ́wọ́ báyìí," ló wí. Ó fà á dìde. "Ìdákọ̀ró yẹn dà? Lọ gbé e wá. Ọkọ̀ wa ò tíì ní ọ̀kan."