Oògùn Gbogbo Wa Nínú Ìgò Kan

Rárá o, Màmá, n ò bínú. Ta ló ní mò ń bínú? Ìyá ìyàwó mi lẹ jẹ́, ẹ wá kí wa, ẹ ò tiẹ̀ sinmi, ẹ bá wa gbálẹ̀, ẹ bá wa nu fèrèsé, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á fún yín lókun sí i. Ohun tí mo kàn ń béèrè, ìbéèrè lásán ni o, ni pé kí ni oògùn inú dúrọ́ọ̀ ṣe yín tẹ́ ẹ fi yọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú páálí, tẹ́ ẹ wá dà wọ́n pọ̀ sínú ìgò jáàmù?

Pé páálí ń gba àyè. Ó dáa. Ó ń gba àyè lóòótọ́.

Tèmi tí mo fi ń dá sísín dúró, tiyín tẹ́ ẹ fi ń sùn, ti orúnkún yín, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti aràn tọ́mọ lò kù, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn róbótó, ẹ kó wọn jọ bí ẹ̀wà, ẹ dé e, ẹ ní kí n wá wo bó ṣe mọ́. Mo sì wò ó! Mo tún ní ẹ ṣeun! Orí èmi náà ò pé.

Màmá, onígbàjámọ̀ ni mí. Ẹ mọ̀. Ara mi ò sì gba eruku irun. Bí mo bá ti tan kílípà tí mo fi ń gẹrun báyìí, imú á dì, ojú á máa ṣomi, màá máa sín bíi mọ́tò tí ò fẹ́ ṣíṣẹ́. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ máa sín lẹ́yìn ọrùn òun? Àwọn oníbàárà ti ń sá kí n tó rí oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ báńkì yẹn. Obìnrin náà fara balẹ̀, ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn mìíràn, ó ní kí n má ra èyí tí wọ́n ń gbé kiri lójú títì, pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, ó ní kí n má sì ra olówó gọbọi tí mò ń wò yẹn, pé orúkọ ara páálí ló yàtọ̀, nǹkan kan náà ló wà nínú èyí tí ò wọ́n, kì í sì í jẹ́ kí oorun kunni. Oògùn tápá mi ká! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níwájú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí, pé kí n má yọ ọ́ kúrò nínú páálí ẹ̀.

Ẹ ṣáà gbọ́ ná.

Láàárọ̀ yìí mo sín, mo nawọ́ sínú ìgò, mo gbé ọ̀kan mì, mo ní mo mọ tèmi lójú. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, ta ló jókòó sórí àga? Onílé. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó máa sọ lọ́la bóyá kí n dúró tàbí kí n kẹ́rù. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú orí. Màmá, n ò mọ ìgbà tí mo sùn. Lóòró ni mo sùn. Nígbà tí mo lajú, ọ̀nà kan ló là níwájú mi, ó tẹ́jú, ó gba àárín orí onílé kọjá sẹ́yìn etí, ó ti fẹ́ wọ irùngbọ̀n. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó wo dígí, ó wò mí, ó ní, “O ti mutí láàárọ̀ yìí.” Èmi! Èmi tí n kì í fẹnu kan ọtí! Ó dé fìlà, ó jáde, tòun taṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀mùtí ni mí. Ta ló máa gbé orí wá fún mi gẹ̀ mọ́?

Ọmọ náà sì sín láàárọ̀ yìí o. Ìyá ẹ̀ ní kí n fún un ní ààbọ̀. Mo ti ṣí ìgò yẹn, ni mọ́tò ilé ìwé bá fun fèrè, lọ́mọ bá sáré jáde láì lò ó. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, Màmá, kì í ṣe ti onílé.

Kí lẹ wí? Pé mo fi oògùn tó dáa ṣòfò? Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni mo gbé ìgò yẹn lọ lẹ́yìn ti onílé. Ó wo ìgò náà títí, ó ní òun ò ní méfò èwo ni èwo, kí n fi sílẹ̀, òun á bá mi sọ ọ́ nù bó ṣe yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi lọ bá onílé, ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé ọtí kọ́, ìgò jáàmù ni. Á gba àgbàlagbà gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wọ bàtà, mò ń dúró.

Orúnkún ń dùn yín? Ẹ fẹ́ lo oògùn ẹ̀ ká tó lọ. Kò burú, omi rèé.

Inú pọ́ọ̀sì lẹ ti mú un? Láìsí páálí? Àwọn wo tún nìyẹn? Ẹ ti bù nínú ìgò yẹn pa mọ́ kí n tó gbé e lọ! Ẹ ní ti orúnkún ló tóbi díẹ̀.

Ẹ má gbé e mì! Màmá, ẹ tu ú! Ẹ tu ú sí mi lọ́wọ́ níbí. Háà. Ẹ gbé pọ́ọ̀sì yẹn wá. Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì la máa kọ́kọ́ yà. Onílé ti dé fìlà, ẹ jẹ́ ó dúró.