Táímùtébù Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Pálọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mẹ́rin, kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò tilẹ̀ lè sọ ọ́ nínú àdúrà. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ní kí n dìde níwájú ìjọ, kí n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí èèyàn ṣe ń lo àkókò rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ wọn. Inú ara mi ń bí mi débi pé mo fẹ́ forí gbá ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Òdìgbó ni ilé wa wà. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà Ajue. Ìyá mi ń din gàrí tà. Àwa méjì la kù sílé nínú àwọn ọmọ, èmi àti Ẹ̀bùn àbúrò mi. Alàdúrà ni wá, ilé wa sì jẹ́ ilé tí ń pa wákàtí mọ́. Aago mẹ́sàn-án, aago méjìlá, aago mẹ́ta, aago mẹ́fà, àdúrà ni. Bí bàbá mi bá wà lóko pàápàá, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á fi àdá sílẹ̀, á kúnlẹ̀ sábẹ́ kòkó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo fi rẹ́ wọn jẹ.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ti orí ayélujára ni mo wọ̀. Ilé ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, lórí fóònù. Bí ìdánwò bá dé ni mo ń lọ sí Òrè, níbi tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí fún wa. Ẹni tí kò ṣe é rí kò lè mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, iná ò sí. Bí iná bá dé, dátà ti tán. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé ẹni tó di fóònù mú ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè mí láàárín ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo: wá bó ẹ̀gẹ́, wá pọn omi, wá yí kòkó tó wà lóòrùn, lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ìgbà tí mo fi padà, ìdánwò kékeré tí olùkọ́ ní ká ṣe ti parí. Òdo ni mo gbà. Mo sunkún títí.

Ìbínú yẹn ni mo fi mú kádíbọ́ọ̀dù, rúlà, bírò pupa àti búlúù, mo ya táímùtébù. Ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì: aago mẹ́jọ sí méjìlá, kíláàsì, aago méjì sí mẹ́fà, kíláàsì. Mo fi ẹ̀tàn dá aago méjìlá sí fún àdúrà, kí bàbá mi lè rí i pé mo bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sókè, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, lábẹ́ aago.

Irọ́ ni. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré la ní lọ́sẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì ni. Wọ́n tún máa ń ká wọn sílẹ̀ kéèyàn lè wò wọ́n nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo sọ di ogójì.

Mo rò pé wọ́n á bá mi jiyàn ni, pé wọ́n á ní ó pọ̀ jù, a ó sì jọ dúnàádúrà títí a ó fi gbà fúnra wa. Àṣé mi ò mọ àwọn tó bí mi. Bàbá mi wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n bá ti dá wákàtí fún, a kì í fi ṣeré. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí mọ́. Ìyá mi gbé agbada gàrí rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà kí èéfín má baà yọ mí lẹ́nu. Bàbá mi ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ní kí n má jáde wá ṣàdúrà aago mẹ́sàn-án àti aago mẹ́ta mọ́, pé òun á máa gbà á fún mi.

Kí ni mo ń ṣe nínú yàrá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lóṣù kìíní, mo gbìyànjú. Lẹ́yìn rẹ̀, oorun. Lẹ́yìn oorun, fíìmù. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń di irun tí mi ò ní di láéláé, mo ń wo ìjà àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Nígbà tí àkókò bá pọ̀ jù lọ́wọ́ èèyàn, kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Màá ní ó di aago mẹ́ta. Tó bá di aago mẹ́ta, màá ní ó di ọ̀la. Àwọn ẹ̀kọ́ tí mi ò tíì wò di mẹ́wàá, wọ́n di ogún, wọ́n di ogójì. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rù àtiṣí wọn ṣe ń bà mí sí i. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo féèlì lọ́dún kìíní. Nígbà tí bàbá mi béèrè bí èsì ṣe rí, mo ní ó dára, ó sì ní ká kúnlẹ̀ ká dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá síbi tó ń dùn mí.

Iṣẹ́ ilé kì í dédé parẹ́. Èyí tí mi ò bá ṣe, ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Ẹ̀bùn ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó wà ní kíláàsì àṣejáde, ìdánwò oníwèé mẹ́wàá rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Nọ́ọ̀sì ló ti ní òun fẹ́ dà láti kékeré. Òun ló ń bó ẹ̀gẹ́, òun ló ń pọn omi, òun ló ń yí gàrí, òun ló ń sá kòkó tó sì ń sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Á gbé ìwé rẹ̀ lé orí àpò, á ka ojú ewé kan, á yí gàrí, á tún ka òmíràn. Kò sí ìwé rẹ̀ kan tí eérú ò sí nínú rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ya táímùtébù fún un.

Ó féèlì Gẹ̀ẹ́sì àti màátì. Bàbá mi ò nà án, kò sì bú u. Ó kàn ní ìka ò dọ́gba, pé Ọlọ́run ló fún ẹ̀gbọ́n ní orí ìwé, tó fún àbúrò ní ọwọ́ iṣẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo ń jẹun lọ. Ẹ̀bùn náà mi orí bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bóyá ẹ ó ní ọmọdé ló ń ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbèjà mi, ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Lọ́dún kẹta, mo lọ ṣèdánwò ní Òrè, mo sì jókòó ti obìnrin kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ìyá Dára ni wọ́n ń pè é. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì ń ta búrẹ́dì fún àwọn arìnrìn-àjò ní oríta. Kò féèlì rí. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló fi ń kàwé lóòjọ́, ó ní méjì, kí òun tó gbé búrẹ́dì jáde. Mo ní èmi, mẹ́jọ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Mẹ́jọ kẹ̀? Ṣé Bíbélì tuntun lò ń kọ ni?"

Ló bá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Á pa gbogbo ohun tó ń dún lórí fóònù rẹ̀, á wo ẹ̀kọ́ kan, á pa á. Á wá mú bébà, á kọ gbogbo ohun tó bá rántí láìyọjú wò ó. Èyí tí kò bá wá sọ́kàn ni yóò padà lọ wò. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ti àná kó tó ṣí tuntun. Ó ní bí òun bá ń ta búrẹ́dì lọ́wọ́, òun á máa bi ara òun ní ìbéèrè lọ bẹ́ẹ̀.

Mo délé, mo dán an wò pẹ̀lú ìbínú, nítorí mo fẹ́ rí i pé irọ́ ló ń pa. Kò purọ́. Wákàtí méjì lóòjọ́, bébà àti bírò. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, mo ti wo gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀. Mo tún iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ṣe, mo yege.

Ẹ wò ó dáadáa, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo lè ní mi ò mọ̀. Àmọ́ mo ti wá mọ̀ báyìí pé bí aago mẹ́wàá bá ti lù, mo ti ṣe tán, ọjọ́ tó kù kì í ṣe tèmi. Mo lè jáde kí n gba igbá tí Ẹ̀bùn fi ń yí gàrí lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun náà lọ jókòó ti ìwé. Mi ò jáde. Jíjókòó ti mọ́ mi lára. Bí mo bá sì já táímùtébù yẹn kúrò lára ògiri, kí ni mo fẹ́ sọ pé ó dé?

Ọdún yẹn náà ni Ẹ̀bùn tún ìdánwò rẹ̀ ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú màátì, ó wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Eérú wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀ kó má baà dí mi lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi yí gàrí yìí fún wákàtí kan péré? Ọ̀la ni màátì."

Mi ò tilẹ̀ yọ ohun tó wà létí mi. Mo kàn nawọ́ sí pálọ̀, síbi tí táímùtébù wà. Fíìmù ni mo ń wò.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ló wí, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ó yege Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún féèlì màátì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tíì lọ ju mẹ́rin lọ tí mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òótọ́ lẹ́yìn mi. Èsì àṣekágbá mi jáde, ó dára, a sì lọ ṣèdúpẹ́ ní ilé àdúrà. Bàbá mi dìde jẹ́rìí pé ọmọ òun ò fi wákàtí kan ṣòfò rí. Ìjọ hó. Alàgbà tó ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ ní kí n wá kọ́ wọn bí mo ṣe ṣe é. Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí a délé, mo rí i pé abẹ́ aago ti ṣófo. Ẹ̀bùn tó ṣáájú wa délé ló ti ṣí táímùtébù náà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi bébà bo orúkọ mi, ó kọ tirẹ̀ sí i. Ó ní òun fẹ́ ṣe màátì náà lẹ́ẹ̀kẹta, pé bí òun bá tún féèlì, òun á fi ìwé sílẹ̀ títí ayé.

Èmi ni mò ń din gàrí báyìí. Òun ń jókòó láti aago mẹ́jọ dé méjìlá, láti aago méjì dé mẹ́fà. Kò sùn, kò wo fíìmù kankan. Ohun tí mo fi parọ́, òótọ́ ló ń fi ṣe. Ojú rẹ̀ ti wú. Á wo ojú ewé kan títí ojú ewé náà ò fi ní ìtumọ̀ mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló bi mí.

"Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Bó bá ti di wákàtí kẹta, mi ò mọ ohun tí mò ń kà mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìwà ojo tí mo hù. Mo sọ ọ̀nà Ìyá Dára fún un, mo ní wákàtí méjì ti tó, kó fi èyí tó kù sinmi. Mi ò sọ ìdí tí mo fi mọ̀. Ó wò mí, omi lé lójú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé mò ń ṣàánú òun ni, pé bí ẹni tó lórí ìwé bá ń ka mẹ́jọ, ṣé méjì ló yẹ kí olódo bíi tòun kà? Ọjọ́ kejì, ó jí ka mẹ́jọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i pé ìmọ̀ràn mi ò lè ṣe é láǹfààní láìjẹ́ pé mo jẹ́wọ́. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo bá sọ fún un, bóyá kò ní pè mí ní Àǹtí mọ́. Bí bàbá mi bá gbọ́, gbogbo àdúrà aago mẹ́sàn-án àti aago mẹ́ta tó gbà fún mi ńkọ́? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, yóò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé olódo ni òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé òun nìkan ni kí n sọ ọ́ fún nídìí agbada gàrí, àbí kí n sọ ọ́ níwájú bàbá mi, níwájú gbogbo ìjọ tó hó fún mi? Ọjọ́ Àìkú ti dé tán. Ẹ̀bùn ti ra ìwé tuntun. Ó ní òun á jókòó níwájú pátápátá, òun á sì kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ tí yóò kọ?