Ẹni Tó Ń Kí Ara Rẹ̀ Kú Ewu Omi

Níbi tí mo ti ń dúró de ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní Computer Village ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọn ò mọ ara wọn rí.

"O wá wọ bàálù lọ sókè òkun torí kí o lè wa ọkọ̀ ojú omi kékeré? Ṣé omi ò sí ní Ìlàjẹ ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwọn tó wá gbafẹ́ ni mò ń kó wọ òkun. Kálukú ló ń wa ọkọ̀ tirẹ̀, èmi á máa ṣíwájú."

"Tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n á wọ mọ́tò wọn lọ. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń kí ẹni tó ti omi dé kú ewu. Èmi ni mo máa ń kí ara mi létí omi."

"Ta ló wá ń dáhùn?"

"Èmi náà ni. Lọ́jọ́ kan, òjò lé mi wọlé kí n tó dáhùn. Mi ò rí oorun sùn mọ́jú, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì kúrò lójú omi."

Màmá ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ìgbà wo lò ń padà?"

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Màmá ní, "Kódà bí òjò ń rọ̀, ọmọ mi, dúró kí o dáhùn."