Ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí Kì Í Yẹ̀

Nígbà tí Ìbíyẹmí rí i pé àìsàn náà kò ní í fi òun sílẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Adéwùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, pé kó wá bá òun nílé ní àdúgbò Titirou, ní Parakou. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin tí òun ń kọ́ níjó náà wọlé, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò ní í gbé lọ sọ́run. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Láyé kòmáràdì, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ Ìbíyẹmí ní Parakou? Òun ni aṣáájú ẹgbẹ́ oníjó tí ìjọba kó jọ. Àwọn èèyàn á máa yìn ín pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Òun á délé, á máa sunkún pé ọwọ́ òun kò ga tó. Ìyá Adéwùmí, arúgbó ará Ṣábẹ̀ tó kọ́ ọ níjó, ló máa ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀, tí á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nígbà tí ìdíje ńlá kan kù sí dẹ̀dẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó fi aṣọ dì í, ó ń fi í pamọ́. Ìyá náà rí i, ó ní, "Ọmọ mi, sinmi. Bí o kò bá sinmi, ẹsẹ̀ yìí á dójú tì ọ́ níwájú èèyàn." Ìbíyẹmí kọ etí ikún sí i. Lọ́jọ́ ìdíje, níwájú àwọn àlejò láti Kútọnu, ẹsẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú gbì.

Àsìkò náà gan-an ni ìjọba ń kó àwọn arúgbó tí wọ́n bá ti pè ní àjẹ́ sí àtìmọ́lé. Kòmítée tó ń bá ìjọba ṣèwádìí pe Ìbíyẹmí, wọ́n ní kí ló ṣe é. Ṣebí kó sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun ni? Kò lè sọ ọ́. Kí wọ́n máa wí ní àdúgbò Albarika pé kò mọ ijó jó mọ́? Ó ní ayé ló ṣe òun. Ó ní Ìyá Adéwùmí ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun á dójú ti òun níwájú èèyàn. Kò sọ pé "sinmi" ni ìyá náà kọ́kọ́ sọ. Ẹyin lohùn. Wọ́n mú ìyá náà lọ, àtìmọ́lé ló kú sí kí òjò ọdún náà tó dá.

"Èmi ni mo pa á, Adéwùmí. Mo sì tún wá bá ọ sunkún níbi ìsìnkú."

Ó kọjú sí àwọn ọmọ náà, ó ní bí ẹsẹ̀ wọn bá yẹ̀, kí wọ́n sọ pé ó yẹ̀, nítorí kò sí oníjó tí kì í ṣubú. Ó wá ń bẹ Adéwùmí pé kó forí ji òun.

Adéwùmí ní, "Ṣé ìyá mi mọ̀ pé ìwọ ni?"

Ìbíyẹmí ní ó mọ̀. Wọ́n ní kí òun wá sọ ọ́ lójú rẹ̀, òun sì sọ ọ́. Ìyá náà kò ṣépè, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ òun Ìbíyẹmí ló ń wò.

"Ó ní, 'Ọmọ mi, ṣé wíwú yẹn ti lọ sílẹ̀?'"