Orin Bisikíìtì Méjì

Nínú mọ́tò tó ń lọ láti Ìlaròó sí Ayétòrò, lọ́jọ́ òmìnira, ni mo ti gbọ́ tí bàbá àgbà kan ń yangàn fún màmá tó jókòó tì í.

"Màmá, ayé òyìnbó lọlidé dùn! Aṣọ funfun báláú la ó wọ̀, a ó máa yan bíi sójà, a ó kọrin fún Ọbabìnrin wọn. Wọ́n á fún wa ní bisikíìtì méjì méjì."

"Ẹ kọ orin náà kí n gbọ́."

Bàbá gbóhùn sókè: "Lọ́ńgì tu rénì ófà òṣì!"

"Òṣì kẹ̀?"

"Bá a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà wa nìyẹn."

Màmá pòṣé. "Tíṣà lèmi náà kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí obìnrin yẹn jọba lé wa lórí pẹ́ títí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa tọrọ. Ẹ̀yin wá ń pe òṣì." Ó yíjú sí fèrèsé. "Ẹ ò kúkú ṣì í kọ."