Èèkù Tí Kò Tí Ì Gba Ìṣó

Èmi ò mọ nǹkan kan o, màmá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọ̀bẹ ṣíṣe, kí ló fẹ́ mọ̀? Mo mọ̀ pé irin le, mo mọ̀ pé iná ń jóni, ìmọ̀ mi parí síbẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi ki fóònù yẹn mọ́ iná dáadáa, ẹ má jẹ́ kí okùn rẹ̀ yẹ̀, nítorí bó bá ti lè tàn báyìí, àbúrò yín la máa pè, kó ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àní kó jù ú sílẹ̀! Kó má fi gé ohunkóhun mọ́! Áà, ẹ̀mí mi o! Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Láti ṣọ́ọ̀bù ni mo ti sáré dé ìsọ̀ ẹran rẹ̀, láti ìsọ̀ ẹran ni mo ti sáré dé ibí.

Rárá, kò tí ì ṣe nǹkan kan. Mo ní kò tí ì ṣe nǹkan kan! Ẹ má tí ì káwọ́ lérí. Ọkọ yín ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ yín. Ọ̀gá mi. Ọ̀gá tó ń fi irun apá dán ojú ọ̀bẹ wò, tí apá òsì wọn ti pá bí orí ọmọ tuntun. Ẹ rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in tán báyìí, torí èyí tó kù kì í ṣe ẹ̀rín.

Ẹ wò ó, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí. Ẹni tó bá ń ṣe ọ̀bẹ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kan èèkù rẹ̀ níṣòó. Gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń lẹ igi méjì mọ́ ìrù irin, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ká lè dì í mú, ká fi gé páálí, ká fi gé okùn, kí ọwọ́ fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Ibi tó bá ti ráhùn, a fàmì sí i, a lu igi yẹn yọ, a tún un gbẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ bá dákẹ́ ni ìṣó tó ń gba inú igi àti irin kọjá. ‘Ọwọ́ ló ń ra ọ̀bẹ, ojú kọ́.’ Ẹnu ọkọ yín ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn dè wọ́n.

Èèkù tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ tóbi bí ẹsẹ̀ àga. Wọ́n gbé e sókè níwájú oníbàárà, wọ́n ní ṣé ọ̀bẹ ni àbí mo fẹ́ fi lé olè. Mo lù ú yọ. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yí lọ́wọ́ mi bí ẹja ààyè. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ibi tó léròrò, tó fọ́, tó tún lé. Àgbà bíi tèmi! Mo ti bímọ mẹ́ta kí ẹ̀yin tí mò ń pè ní màmá yìí tó lọ́kọ, ṣùgbọ́n ọmọ ni ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́, mo gbà. Ọkọ tèmi náà ti gbà, kò bá mi jiyàn mọ́ nílé látìgbà tí mo ti ń gbé ọ̀bẹ wọlé.

Ẹ̀kẹta yìí ni ọwọ́ mi ò ráhùn sí. Ikùn rẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ́kípẹ́kí, ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ kó má baà já bọ́ lẹ́yìn. Ó ku iwájú, ibi tí ìka ìfábẹ̀lá máa ń fara tì kó má yọ̀ lọ sójú irin. Mi ò tí ì gbẹ́ ẹ. Ṣé ẹ gbọ́? Mi ò tí ì gbẹ́ ẹ!

Àmọ́ obìnrin ni mí, mo fẹ́ rí bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tó bá parí. Mo gé orí ìṣó idẹ méjì, orí lásán, kò lẹ́sẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ara igi. Ẹ mọ bọ́tìnnì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ tí kò ní ihò? Òun gan-an nìyẹn. Mo wá mú sáńpépà, mo fi fá a títí ó fi ń dán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi wo ojú. Mo gbé e sórí pẹpẹ tèmi, níbi tí iṣẹ́ àìparí máa ń wà, mo lọ ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì, màmá! Ebi burúkú!

Kí n tó dé, àbúrò yín ti wá, ó ní ọ̀bẹ òun ti dá. Ọkọ yín nawọ́ sórí pẹpẹ mi. Wọ́n rí ohun tó ń dán, wọ́n rí orí ìṣó, ó tán. Wọ́n pọ́n ojú rẹ̀ sí i, ẹ gbọ́ mi o, àwọn fúnra wọn ló pọ́n ọn, ẹ sì mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń mú tí wọ́n bá pọ́n ọn. Wọ́n nà án sí i: ‘Gba èyí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.’ Iṣẹ́ ọwọ́ ta? Ọwọ́ ta ló léròrò? Ta ni wọ́n bi? Ta ni wọ́n dúró dè?

Mo kúnlẹ̀, mo ní, ‘Ọ̀gá, irọ́ ni ìṣó yẹn.’ Wọ́n ní, ‘Ojú mi rí ìṣó.’ Mo ní, ‘Orí rẹ̀ lẹ rí, kò lẹ́sẹ̀.’ Màmá! Mo wo ojú wọn, ẹ̀rù bà wọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, mo rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè bí àkùkọ: ‘Gọ́ọ̀mù mi lágbára. Ẹ̀rù àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń bà ẹ́. Bí o bá lọ sọ fún oníbàárà mi pé ohun tí mo fún un kò dáa, má padà síbí.’ Wọ́n kọ̀, wọn ò fún mi ní nọ́ńbà àbúrò yín. Kí n má padà! Nítorí kí ojú má tì wọ́n níwájú àbúrò ìyàwó! Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ṣé ti ọkọ yín wá fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí! Kí ló dé tí kò ní bà mí? Omi ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù yẹn. Níbo ni àbúrò yín ti ń ṣiṣẹ́? Nínú omi, nínú ọ̀rá, nínú yìnyín. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ bí ṣọ́bìrì, lórí èèkù tí mo fi ọwọ́ bíńtín tèmi wọ̀n! Òun tí a ń pè ní Eegun-ò-Tó, tó ń fi agbára ti ọ̀bẹ bọ oríkèé màlúù, tí kì í sì wo ibi tó ń gé bí oníbàárà tó lẹ́wà bá dúró níwájú. Bí igi ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣí nígbà tó ń tì í… Mi ò sọ ọ́. Ẹnu mi ò ní sọ ọ́. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lè fi èyí ṣe é.

Mo dé ìsọ̀ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó ti lọ gé odindi màlúù fún àwọn kan ní yàrá yìnyín kan, òun ò mọ èwo. Ó ní, ‘Ó ń fi ọ̀bẹ tuntun yangàn kiri, ó ní èèkù rẹ̀ tu òun lọ́wọ́ ju gbogbo èyí tóun ti lò rí.’ Ó tù ú lọ́wọ́! Màmá, látìgbà tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi. Ó wá dé, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí àbúrò yín sọ ọ̀bẹ náà nù.

Ẹ má sunkún, jọ̀ọ́. Ẹ fi ẹkún yẹn pa mọ́ de ọkọ yín, ẹ fi bá wọn wí, ẹ ní wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pẹpẹ mi mọ́ láyé, bí wọ́n lé mi bí wọn ò lé mi. Ẹ wò ó, ó ti tàn! Ó ti tàn! Ẹ má yọ okùn rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ohùn rẹ̀ síta kí n gbọ́. Ó ń dún. Gbé e. Jọ̀ọ́, Eegun-ò-Tó, fi màlúù sílẹ̀, gbé e. Mi ò ní bú ẹ mọ́ láé, gbé e… Ó gbé e! Ẹ sọ fún un, ẹ ní kó jù ú sílẹ̀, ẹ ní… Ẹ dúró ná. Ohùn rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Màmá, ta ló wà lórí fóònù àbúrò yín?