Lẹ́tà Tí Wọ́n Fi Rán Mi sí Bàbá Ṣìfáwù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má wá orúkọ mi. Ìyá àgbà ni mí, mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láàyè, ọ̀rẹ́ ló sì ń pè mí.

Ìgbà tí a wà ní ọmọ ilé ìwé ní Ìlá Ọ̀ràngún ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, bí mo bá jókòó, mo máa dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn ọmọ mi rò pé àìsàn ni.

Ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, tí à ń lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni èmi àti Ṣìfáwù, ọ̀rẹ́ tí mo ń wí yìí, jọ wà. Obìnrin mẹ́fà péré ni wá nínú kíláàsì wa. Bàbá mi jẹ́ àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ilé ìwé náà. Bàbá Ṣìfáwù jẹ́ télọ̀, mùsùlùmí tó dúró lórí ẹ̀sìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọjà. Bí a bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, a máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á bi wá pé kí la kọ́ lónìí. Ṣìfáwù ló máa ń dáhùn. Èmi a máa wo ilẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni ẹgbẹ́ máa ń pàdé ní ilé ìwé. Àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń ṣe eré orí ìtàgé, àwọn kan ń tọ́jú ọgbà. Èmi àti Ṣìfáwù wà nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, tí gbogbo wa ń pè ní dìbéètì. Tíṣà Oyèníran ló dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, kì í na ọmọ rárá.

Èmi a máa kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, màá fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ sórí. Ṣìfáwù kì í kọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí a jiyàn lórí èyí tó wúlò jù nínú ọkọ́ àti kálàmù, ó gbè sẹ́yìn ọkọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán tó tèmi. Ó kàn wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ta ni nínú yín ló jẹ kálàmù láàárọ̀ yìí?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi. Kálàmù ni mo gbè, mo sì ti rò pé èmi ni màá borí.

Nígbà tó yá, ilé ìwé kan ní Ọ̀tan Ayégbajú pè wá láti wá bá wọn jiyàn. Tíṣà ní ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló máa lọ. A gbọ́ pé àwọn obìnrin kan máa wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí wọ́n lè mú wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Tíṣà mú Ṣìfáwù. Ó ní bí Ṣìfáwù kò bá lè lọ ni èmi máa lọ.

Bàbá mi ti sọ ọ́ kiri ìjọ pé èmi ni wọ́n máa mú. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fi ìyẹn ṣe àwíjàre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ibà dá Ṣìfáwù dúró sílé. Tíṣà pè mí, ó fún mi ní lẹ́tà kan.

"Fún bàbá Ṣìfáwù," ló wí. "Sọ fún wọn pé tíṣà obìnrin kan máa bá àwọn ọmọ lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sì máa dé. Kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi lésì."

Mo ka lẹ́tà náà lójú ọ̀nà. Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé nínú gbogbo ọmọ tí òun ti kọ́, òun kò tíì rí irú Ṣìfáwù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Nígbà tí mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, bàbá rí mi. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n rán ọ sí mi ni?"

"Rárá o, bàbá. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Ó súre fún mi. Mo lọ sílé, mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà tí ìyá mi gbé ka iná.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Tíṣà pé bàbá ní ọmọ àwọn kò lọ sí ìlú kankan. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò lè bá bàbá du ọmọ rẹ̀."

Nígbà tí ara Ṣìfáwù yá, ó dé, ó bá orúkọ mi lára pátákó. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé kí ló dé. Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ó jọ pé wọn kò fẹ́ mú ọmọ mùsùlùmí. Má bi Tíṣà o, kó má baà bínú sí wa."

Ẹ jọ̀ọ́, èyí ló burú jù. Kò sẹ́ni tó fi í sí mi lẹ́nu.

Ṣìfáwù sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní ọmọ òun kò ní padà sí ilé ìwé tí wọn kò ti fẹ́ ẹ. Tíṣà náà sì gbà pé lẹ́tà òun ló bí bàbá nínú. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún tíṣà mìíràn pé, "Èmi ni mo fi ìkánjú ba ti ọmọ yẹn jẹ́." Mo wà nítòsí, mo ń nu pátákó. N kò dáwọ́ dúró.

A kò borí ní Ọ̀tan. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gba orúkọ mi. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn, tí mo ṣe é títí mo fi di ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n fi Ṣìfáwù fún awakọ̀ kan ní Ire ní aya kí ọdún méjì tó pé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo dì mọ́ ọn, mo sunkún gidi. Títí di òní ló ń sọ pé èmi nìkan ló bá òun sunkún.

Tíṣà Oyèníran ti kú. N kò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ Ṣìfáwù obìnrin pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n mú Kúdírá, ọmọ òun, fún dìbéètì ní ilé ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣìfáwù, ìyá àgbà rẹ̀, ní kò ní lọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo lọ sí Ire. Ṣìfáwù ní, "Wọ́n á mú un dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á já a kulẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Torí ìwọ ni o. Ìwọ nìkan lo dúró tì mí." Kúdírá lọ, ó sì ṣe dáadáa.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ṣìfáwù fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n fi ojú òun rí, ṣùgbọ́n òun ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ní, "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí o sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òtítọ́, màá gba ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ arúgbó. Bí mo bá parọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni màá gbé ìkórìíra náà lé lọ́wọ́, orúkọ Tíṣà á sì máa bàjẹ́ lọ nínú ibojì. Mo ti sọ fún Ṣìfáwù pé mò ń bọ̀. Èwo ni kí n sọ?